Sítéè Tí Alhaji Kọ̀ Láti Tà fún Mi

Ọjọ́ kan wà tó so mọ́ mi lọ́kàn tí kò ṣe é tú, ọjọ́ Sátidé kan ní Maiduguri, nígbà tí mo dìde láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n kún pálọ̀ fọ́fọ́, tí mo sì fẹ̀sùn kan ìyá àgbà kan pé ó fi nǹkan sínú omi olóòórùn dídùn. Bí mo bá rántí bí ìyá náà ṣe wò mí, etí mi ṣì máa ń gbóná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Inú ṣọ́ọ̀bù kan ní Hausari ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibẹ̀.

Olùkọ́ ni mí. Iṣẹ́ báńkì ló gbé ọkọ mi wá sí Maiduguri, èmi náà tẹ̀lé e, mo sì rí iṣẹ́ ní ilé ìwé kan ní Wulari níbi tí a ń gbé. Iṣẹ́ ọwọ́ tí mo gbé dání láti ilé ni ìlẹ̀kẹ̀ rírán sára aṣọ. Ìyá mi ló kọ́ mi ní Abẹ́òkúta, ó sì kọ́ mi ní ìfura mọ́ ọn. "Ìfura loògùn àgbà," ni ìyá mi máa ń wí. Bó bá ra ìlẹ̀kẹ̀ tán, á kà á, á tún un kà, á wá fi eyín tẹ ọ̀kan wò bóyá gíláàsì ni tàbí rọ́bà. Èmi gba oògùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń lò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Nígbà tí mo dé Maiduguri tí mi ò gbọ́ èdè, mo fi kún un. Mo fura sí ẹni tó ń ta omi fún wa, mo fura sí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Napep, bí ẹnì kan bá sì kí mi ní "sannu" tó tún rẹ́rìn-ín mọ́ ọn, ńṣe ni mo máa ń yẹ báàgì mi wò.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò fura sí ni Zara, ọmọ Hajiya tó ni ilé tí a ń gbé. Ọmọbìnrin yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń béèrè iye tí nǹkan jẹ́ ní Hausa. Nígbà tí ibà dè mí mọ́lẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, tí ọkọ mi sì wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ló ń jókòó tì mí, tó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí mi. Nítorí náà, nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù díẹ̀, mo ní èmi ni màá ṣe èjìká alkyábbà rẹ̀, kí ó jẹ́ ẹ̀bùn mi. Alkyábbà ni ẹ̀wù ìlékè gbọ̀gbọ̀rọ̀ tí ìyàwó máa ń wọ̀ lọ sílé ọkọ níbẹ̀. Mo ní màá rán ìlẹ̀kẹ̀ sí èjìká méjèèjì, yóò sì dúró ṣánṣán. Hajiya gbé ẹ̀wù náà lé mi lọ́wọ́, àrán pupa gidi.

"Tíṣà," ó ní, "àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ máa wo èjìká yẹn kí wọ́n tó wo ojú ọmọ mi."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ojú kò rí ló ń gbé èyí tí ojú ń rí ró. Ìlẹ̀kẹ̀ wúwo. Bí o bá rán an sára àrán lásán, aṣọ á fà wálẹ̀ bí àpò tí wọ́n da àgbàdo sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ́ sítéè sábẹ́ rẹ̀, aṣọ líle tó ń mú kí ojú iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá fi aṣọ ìtẹ́nú bò ó, kí kókó okùn má bàa máa ha ara ẹni tó wọ̀ ọ́. Bí sítéè bá ti burú, ìlẹ̀kẹ̀ tó dára jù lọ láyé ò lè gba iṣẹ́ náà là.

Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù Alhaji Sàká fún mi ní Hausari. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Hausari ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ló ti ń ta ohun èlò aránṣọ níbẹ̀ kó tó fi í lé e lọ́wọ́. Mo ní tíṣà ni mí ní Wulari, mo sì ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe. Bó ṣe ń gbọ́ mi ni ojú mi ti lọ sórí pẹpẹ, mo rí sítéè funfun kan tó mọ́ tónítóní, tó sì ń dán. Mo nawọ́ sí i.

"Èyí kọ́," Alhaji ní. "Ìlẹ̀kẹ̀ lo fẹ́ rán. Mi ò ní ta èyí fún ẹ."

"Kí ló dé, Alhaji?"

"Omi ń jẹ ẹ́. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sára bàbáríga ló ń rà á. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ tán, wọ́n á fọ aṣọ, òun náà á bá omi lọ, shi ke nan. Ìlẹ̀kẹ̀ fẹ́ ohun tó máa dúró."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fa nǹkan kan yọ lábẹ́ káńtà. Aṣọ kánfáàsì ni, ó le bí pákó, àwọ̀ rẹ̀ rí bí àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀, eku sì ti bu igun rẹ̀ kan jẹ. Ó gbọn eruku rẹ̀ dànù.

"Èyí ni kó o mú. Rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì, kó o sá a kó gbẹ kó o tó gé e, torí ó máa ń sún kì. Aṣọ òwú ni kó o fi ṣe ìtẹ́nú. Má mú sátìn, á máa yọ̀ lórí èjìká."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi dá a rò. Níbo lẹ ti rí oníṣòwò tó ní òun ò ní tajà? Níbo lẹ ti rí aṣọ tó ń yọ́ sínú omi bí iyọ̀, tí àwọn èèyàn sì ń fowó rà á? Ẹni tó ní kí n lọ rẹ ọjà tuntun sómi kí n tó lò ó, ṣé kì í ṣe eruku ọdún mẹ́wàá ló fẹ́ kí n bá òun fọ̀? Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan wọlé tó ní òun fẹ́ yáàdì mẹ́fà nínú sítéè funfun kan náà. Alhaji fẹyín, ó wọ̀n ọ́n fún un, ó sì fi díẹ̀ lé e. Mo wo ọkùnrin náà, mo wo Alhaji. Ó ti yé mi. Ọjà gidi wà fún àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, àjẹkù eku wà fún àlejò. Àti pé Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.

"Màá padà wá, Alhaji," mo ní.

"Màá bá ẹ tọ́jú kánfáàsì yìí," ó dáhùn. "Tíṣà, gbọ́ mi o, omi ń jẹ èkejì yẹn."

Mo délé, mo rò fún ọkọ mi. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ní, "Ẹni tó ní òun ò ní gba owó ẹ, kí ló wá fẹ́ jí níbẹ̀?" Mo fura sí òun náà. Mo ní bóyá òun àti Alhaji jọ ń rí ara wọn ní báńkì.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá, tí mo ń ṣe bí ẹni tó ń lọ ra tòmátì. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo rí i tí wọ́n ń di sítéè funfun fún èèyàn. Lọ́jọ́ kẹta, Alhaji rí mi, ó pè mí, ó ní kánfáàsì mi wà nílẹ̀ o, pé kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta tọ̀hún fún mi. Èyí tó sọ kẹ́yìn yẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. Mo ní ọkùnrin yìí ti ń fi ojú èèyàn pín ọjà rẹ̀.

Mo wá gbọ́n. Mo mọ̀ pé ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀, Alhaji á wà ní mọ́sálásí, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àmínù, ni yóò jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn ò tíì rí mi rí. Mo yá híjáàbù ńlá kan lọ́wọ́ Zara, mo ní oòrùn ń pa mí lórí. Mo fi bo ara mi láti orí dé orúnkún, mo fa etí rẹ̀ bo imú, ó wá ku ojú nìkan. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Hausari, mo wọ ṣọ́ọ̀bù náà, mo na ìka sí sítéè funfun.

"Wannan," mo ní.

Ìyá Àmínù bi mí ní Hausa bóyá iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo fẹ́ fi ṣe ni àbí iṣẹ́ ọwọ́. Ìbéèrè náà yé mi yékéyéké, mo sì mọ̀ pé pàkúté ni. Bí mo bá ní ọwọ́, á mọ̀ pé èmi ni olùkọ́ tí ọkọ rẹ̀ lé dànù.

"Na inji," mo dáhùn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni.

Ó wọ̀n ọ́n. Mo tún na ìka sí sátìn funfun fún ìtẹ́nú, torí aṣọ òwú tí Alhaji dárúkọ yẹn, mi ò fẹ́ rí i sójú. Ó ṣàdúrà fún mi pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ náà dára. Mo sáré jáde kó tó bi mí ní ìbéèrè kejì.

Ẹ má rò pé mi ò yẹ ọjà náà wò. Mo ya díẹ̀ níbẹ̀, mo fi iná sí i, ó jó bí gbogbo aṣọ ṣe ń jó. Mo fà á, kò ya. Mo wá fi ẹnu kan án gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, ó sì lẹ̀ mọ́ mi láhọ́n débi pé ọwọ́ ni mo fi ṣí i kúrò. Mo yọ̀. Mo ní gọ́mù tó wà lára rẹ̀ ṣì tuntun. Títí di òní, mi ò lè ṣàlàyé bí orí mi ṣe gba ìyẹn wọlé. Omi ẹnu mi ti sọ òtítọ́ fún mi ní gbangba, mo túmọ̀ rẹ̀ sí oríire.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rán an. Ìpele mẹ́ta ni mo ṣe sítéè náà, ìlẹ̀kẹ̀ wúrà àti funfun ni mo tò sórí rẹ̀, mo wá fi sátìn tẹ́ ẹ nínú. Nígbà tí mo gbé e dúró, èjìká méjèèjì le bí páálí. Hajiya di ẹ̀wù náà mọ́ àyà, ó sọkún díẹ̀. Zara wọ̀ ọ́, ó yí po níwájú dígí. Sátìn ń yọ̀ lóòótọ́, ẹ̀wù ń fẹ́ sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo ní kó máa gbé àyà sókè.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Ìyàwó jókòó láàárín àwọn obìnrin ní pálọ̀ Hajiya, nínú èéfín tùràrí. Àwọn obìnrin Borno kì í fi òórùn dídùn ṣeré. Kí ìyàwó tó jáde, àwọn àgbà á fi omi òdòdó wọ́n ọn pẹ̀lú àdúrà. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ìyàwó ló bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó gbé ìgò ńlá dání. Ó da omi náà sátẹ́lẹ́wọ́, ó fi lé èjìká ọ̀tún, ó ṣàdúrà. Ó tún dà á, ó fi lé tòsì. Bó ṣe ṣe tán ni ẹnì kejì gba ìgò, lẹ́yìn náà ẹnì kẹta. Nígbà tó fi dé orí ẹnì kẹjọ, àrán náà ti rin.

"Àǹtí," Zara sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "nǹkan kan ń tutù lọ sí mi lẹ́yìn."

Mo sún mọ́ ọn. Èjìká òsì ti ń tẹ̀. Lójú mi báyìí, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó dúró ṣánṣán láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í forí balẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, okùn wọn dẹ̀, àrán sún jọ. Ohun funfun kan wá ń yọ jáde létí ìtẹ́nú, ó ń yọ̀ bí ilá, ó sì ń rọra ṣàn lọ sí apá ìyàwó tí wọ́n ti fi làálì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Hajiya wò mí. Mo mọ̀ pé tí ọmọ yìí bá wọ ilé ọkọ rẹ̀ báyìí, títí ayé ni wọ́n á máa sọ ọ́.

Ẹni tó bá ní ọgbọ́n lórí ì bá ronú kan iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Èmi wo ìgò. Mo wo ìyá àgbà tó kọ́kọ́ dà á. Mo rò ó pé ẹbí ọkọ ni, pé òun ló gbé ìgò wá fúnra rẹ̀, pé kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín látàárọ̀. Hausa tí mi ò gbọ́ dáadáa já geere lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

"Me kika sa a ciki?" mo bi í. Kí lẹ fi sínú rẹ̀?

Ìyá náà kò bínú. Ó gba ìgò padà, ó da èyí tó kù sátẹ́lẹ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì fi pa gbogbo ojú rẹ̀ lójú wa, láìyára.

"Ruwa da fure," ó ní. Omi àti òdòdó.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti dìde lẹ́yìn tó wá síwájú. Ó fi ìka kan ohun tó ń yọ̀ náà, ó fi ìka méjì ra á wò. Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ìwọ lo wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn nínú híjáàbù."

Ìyá Àmínù ni, àlejò Hajiya ni òun náà. Mo fẹ́ sẹ́.

"Nígbà tó o la ẹnu bá ìyá yìí sọ̀rọ̀ ni mo dá ẹ mọ̀," ó ní. "Kò sí ẹlòmíràn tó ń sọ Hausa báyẹn ní gbogbo Maiduguri. Mo bi ẹ́, ẹ̀rọ àbí ọwọ́, o ní ẹ̀rọ. Ṣé ìwọ ni tíṣà tí Alhaji ń retí?"

Mo ní èmi ni. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ìyá Àmínù ò bá mi wí. Wákàtí méjì ló kù kí wọ́n wá mú ìyàwó lọ, ó sì ti ń pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Kò pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ Napep kan fi gbé ọ̀rá kan dé. Kánfáàsì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti gé ibi tí eku jẹ kúrò, wọ́n ti rẹ ẹ́, wọ́n ti sá a, wọ́n sì ti lọ̀ ọ́. Aṣọ òwú wà nínú rẹ̀ bákan náà, wọ́n kọ "Tíṣà Wulari" sí bébà kan lórí rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni Alhaji ti ṣe é sílẹ̀ dè mí, kí iṣẹ́ mi má bàa pẹ́. Ojú tì mí débi pé mi ò rí abẹ́rẹ́ tí mo mú dání.

A tú ìtẹ́nú, a fi omi ṣan gbogbo ohun yíyọ̀ náà kúrò, a sá ẹ̀wù sí àgbàlá. Oòrùn Maiduguri tí mo ti ń bú láti ọjọ́ tí mo dé ló gbẹ ẹ́ kíákíá. A wá tẹ́ kánfáàsì sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń fi ọwọ́ rán ìlẹ̀kẹ̀ padà. Ìyá Àmínù ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Ẹni tó di etí aṣọ mú kó le fún mi ni ìyá àgbà tí mo fẹ̀sùn kàn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kàn ní kí n máa rán lọ.

Èjìká ọ̀tún dúró, ó tún dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tòsì ò parí. Mo ṣì mú un lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Zara gba ẹ̀wù lọ́wọ́ mi, ó wọ̀ ọ́, ó sì fa láfàyà rẹ̀, aṣọ gígùn tí wọ́n fi ń lọ́ra, bo èjìká òsì.

"Àǹtí, màá dì í mú," ó ní. "Wọn ò ní rí i."

Ó dì í mú lóòótọ́. Mo wò ó bó ṣe ń jáde, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí láfàyà náà. Ìyá àgbà yẹn kọjá sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ bò ó títí wọ́n fi wọ ọkọ̀. Mo gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, kò kúrò níbẹ̀ títí ìyàwó fi wọ yàrá. Kò sẹ́nì kan nínú ẹbí ọkọ tó rí èjìká náà, àfi òun tí mo pè ní ọ̀tá. Mo sọkún lọ́jọ́ náà ju ìyá ìyàwó lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Alhaji Sàká.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Mi ò bínú," ó ní. "Mo sọ fún ẹ, mo sọ, mo tún un sọ, pé omi ń jẹ ẹ́. Ojú mi lo ń wò, o ò gbọ́ ẹnu mi. Kí lo tilẹ̀ ń wá lójú mi?"

"Olè ni mò ń wá, Alhaji."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà, tó ń fi í fẹ́ ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà ń rín tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sì mọ̀ pé Hausa mi ló ń rín.

Mi ò ní tàn yín, mo ṣì ń fura. Èèyàn kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ láti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tán kí n tó máa wo ojú rẹ̀, pàápàá ẹni tó mọ ọjà rẹ̀ débi pé ó lè kọ owó mi. Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo ka gbogbo ẹni tí mo fura sí nínú ọ̀rọ̀ èjìká yìí: Alhaji, ìyàwó rẹ̀, ọkọ mi àti ìyá àgbà. Ẹnì kan péré ló purọ́ nínú gbogbo wa, òun nìkan ni mi ò sì bi ní ìbéèrè kankan, torí inú ara mi ló ń gbé. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń wò mí, mo sì tún rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà.